Ta Ni Yóò Bomi Rin Igi Ìjọba?

Ọ̀rọ̀ igi gbíngbìn ni mo mú wá lónìí. Mo mọ̀ pé àwọn mìíràn nínú yín yóò ní, “A ti gbọ́ èyí rí.” Lóòótọ́ ni. Ọdọọdún ni à ń gbọ́ ọ. Ohun tí a kì í sábà gbọ́ ni iye tí igi kan ń ná ni lẹ́yìn tí a bá ti gbìn ín tán, àti ẹni tí ń san owó náà.

Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, bí ọjọ́ igi gbíngbìn bá pé, àwọn àlejò pàtàkì a dé, akọrin a kọrin, a ó ya fọ́tò, a ó sì gbin igi kan síwájú ilé-ìwé. Ní ọdún kẹta ni akẹ́kọ̀ọ́ kan rọra bi mí pé, “Ẹ jọ̀wọ́ sà, ṣé ihò èṣí kọ́ nìyí?” Ihò èṣí ni. Ewúrẹ́ ti jẹ igi tí a kọ́kọ́ gbìn, ọ̀gbẹlẹ̀ sì pa èkejì. A rí owó háyà àga fún àwọn àlejò, ṣùgbọ́n a kò rí owó ọgbà tí a óò fi yí igi ká. N kò fi èyí bú ẹnikẹ́ni, nítorí èmi náà wà lára àwọn tí ó pàtẹ́wọ́.

Bí ọ̀ràn ti rí ní ihò kékeré yẹn náà ni ó rí ní gbogbo orílẹ̀-èdè.

Ẹ jẹ́ kí a ti ilé bẹ̀rẹ̀. Igbó Olókèméjì, láàrin Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, ni igbó ìjọba àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ní 1899 ni a yà á sọ́tọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni a ya àwọn bíi Gàm̀bàrí, Ṣàṣà, Omo àti Olúwa sọ́tọ̀. Ní nǹkan bí 1927, a mú ọgbọ́n kan tí à ń pè ní taungya wá sí Sapoba lẹ́bàá Benin, láti ilẹ̀ Bọ́mà, ibi tí àwọn sójà wa lọ jà nígbà ogun Hitler. Ìjọba kò ní owó tí yóò máa san fún alágbàṣe láti ro ìdí igi. Àgbẹ̀ sì ń wá ilẹ̀ ọlọ́ràá. Nítorí náà ìjọba yọ̀ǹda ilẹ̀ igbó, àgbẹ̀ sì gbin iṣu, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ sáàrin àwọn igi kéékèèké. Bí ó ti ń ro ti iṣu, bẹ́ẹ̀ ni ó ń ro ti igi. Lẹ́yìn ọdún méjì tàbí mẹ́ta, igi á bo ilẹ̀, àgbẹ̀ á sì kó lọ síbòmíràn.

Ó dùn ún gbọ́, àbí? Àní ó ṣiṣẹ́ níbi púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fi ara yín sípò àgbẹ̀ náà. Iṣu ni tirẹ̀, igi kì í ṣe tirẹ̀. Bí igi bá ti ń yára dàgbà tó ni òun náà yóò ti yára kúrò lórí ilẹ̀ tó. Ta ni yóò fi tọkàntọkàn tọ́jú ohun tí yóò lé e lọ?

Láti nǹkan bí 1966 ni a ti ń gbin mẹlaina ní igbó Omo, igi ilẹ̀ Éṣíà tí ó máa ń tètè dàgbà. Nígbà tí ó yá, ìjọba yáwó lọ́wọ́ Báńkì Àgbáyé láti gbin sí i, kí igi náà lè di ìwé ní ilé-iṣẹ́ tí a ń kọ́ sí Ìwópìn. Igi dàgbà, ilé-iṣẹ́ kò rí bí a ti pète rẹ̀. Alápákó ni ó jẹ èrè púpọ̀ níbẹ̀, ìwé tí ẹ̀yin ọmọ ń kọ iṣẹ́ yín sí sì ṣì ń ti òkè òkun wá.

Nísinsìnyí, ta ni ó ni àṣẹ? Òfin ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ sábẹ́ gómìnà, nítorí náà ọwọ́ ìpínlẹ̀ ni ọ̀pọ̀ igbó ìjọba wà. Ṣùgbọ́n Àbújá ni ó ń ṣe ètò gbogbogbòò. Nínú ètò igbó ti 2006, ohun tí a ń lé ni pé kí igbó bo ìdá kan nínú mẹ́rin ilẹ̀ Nàìjíríà. Abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ ẹnìkan, òwú wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ní ti owó, àpò kan wà tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1981 fún ilẹ̀ tí ọ̀gbàrá àti aṣálẹ̀ ń bàjẹ́. Ní 2017 ìjọba tún gba ọ̀nà tuntun: ó yá bílíọ̀nù 10.69 náírà lọ́wọ́ àwọn olówó, pẹ̀lú ìlérí pé iṣẹ́ tí yóò tún àyíká ṣe nìkan ni a óò fi ṣe. Igi gbíngbìn wà lára wọn. Ọdún márùn-ún ni a fi yá owó náà. Ẹni tí ó bá mọ ìrókò mọ̀ pé ọmọdé ni igi ọlọ́dún márùn-ún.

Ní 2019, Ààrẹ Muhammadu Buhari ṣèlérí níwájú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé pé àwọn ọ̀dọ́ Nàìjíríà yóò gbin igi mílíọ̀nù 25. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ mú pẹ́ńsù. Bí igi kọ̀ọ̀kan bá mu omi lítà mẹ́wàá lọ́sẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ọkọ̀ omi kan sì ń gbé lítà 10,000, igi 1,000 ni ọkọ̀ kan lè bomi rin. Ọkọ̀ mélòó ni igi mílíọ̀nù 25 yóò gbà lọ́sẹ̀ kan ṣoṣo? 25,000 ni. Ẹ jọ̀wọ́, ta ni yóò ra epo sínú wọn?

Irú ìṣirò yìí ni ó bá gbogbo Áfíríkà wí. Ní 2007 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà fọwọ́ sí Odi Ewéko Ńlá, tí yóò gùn tó kìlómítà 8,000 láti Sẹ̀nẹ̀gà títí dé Djibouti. Nínú Nàìjíríà, ó kan ìpínlẹ̀ 11 láti Kebbi títí dé Borno. Hẹ́kítà mílíọ̀nù 100 ni a fẹ́ tún ṣe kí 2030 tó pé. Ìròyìn 2020 sọ pé nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́rin ni a tíì ṣe ní agbègbè odi náà gan-an.

Síbẹ̀, ẹ wo Niger, aládùúgbò wa. Nígbà kan, òfin ibẹ̀ sọ pé ti ìjọba ni gbogbo igi, àní èyí tí ó hù lóko baba ẹni. Àgbẹ̀ á yára gé e kúrò kí ó má baà di ẹjọ́ sí i lọ́rùn. Ní àwọn ọdún 1980, Tony Rinaudo, ará Ọsirélíà kan tí ń ṣiṣẹ́ ní Maradi, ṣàkíyèsí pé kùkùté tí ó wà lábẹ́ ilẹ̀ oko kò kú. Ọdọọdún ni ó ń rú. Ó ní kí àwọn àgbẹ̀ dá díẹ̀ sí nínú ọ̀mùnú náà, kí wọ́n tọ́ ọ. Nígbà tí ìjọba náà dẹwọ́, tí àgbẹ̀ sì rí i pé òun lè gé ẹ̀ka tà, igi padà sí nǹkan bíi hẹ́kítà mílíọ̀nù márùn-ún, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbé irúgbìn dé ibẹ̀.

Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wa, a fi igi ọdún kẹrin lé kíláàsì kan lọ́wọ́. Máńgòrò ni, a sì sọ fún wọn pé tiwọn ni èso rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n ti gé ẹ̀gún yí i ká. Ó ti so tipẹ́. Mo jẹ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n owó ni àwọn ọmọ náà gbà lọ́wọ́ mi.