Ìtumọ̀ Kan fún Gbogbo Ẹ̀yà: Àpẹẹrẹ láti inú Ọpọlọ Kọ̀ǹpútà Ibex

Ìdí pàtàkì tí a fi ń ṣe àkójọ èdè-ìperí ni pé bí onímọ̀ méjì bá lo ọ̀rọ̀ kan fún ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àṣìgbọ́ ni yóò gbẹ̀yìn rẹ̀. Irú ìṣòro yìí náà ni ó ń kojú àwọn tí ń ṣe àgbékalẹ̀ ọpọlọ kọ̀ǹpútà. A ó fi ọ̀kan tí ń jẹ́ Ibex ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń yanjú rẹ̀.

Ibex jẹ́ ọpọlọ kọ̀ǹpútà oníbíìtì 32 tí ó ń tẹ̀lé ìlànà RISC-V. Èdè SystemVerilog ni a fi kọ ọ́, ó sì wà ní gbangba fún ẹnikẹ́ni láti kà. Ọ̀kan lára àwọn fáìlì rẹ̀ ni ibex_pkg.sv. Fáìlì yìí kò ṣe àpèjúwe ẹ̀yà ẹ̀rọ kankan. Orúkọ àti ìtumọ̀ tí àwọn ẹ̀yà yòókù jọ ń lò ni ó kó jọ. Ibẹ̀ ni a ti to orúkọ iṣẹ́ ìṣirò lẹ́sẹẹsẹ, bí ALU_ADD fún àròpọ̀ àti ALU_SUB fún àyọkúrò. SystemVerilog fúnra rẹ̀ ni ó ń fún wọn ní nọ́ńbà láti òdo lọ. Ẹ̀yà tí ń túmọ̀ àṣẹ yóò fi nọ́ńbà náà ránṣẹ́. Ẹ̀yà tí ń ṣe ìṣirò yóò gbà á.

Ká ní ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ní àkójọ tirẹ̀ ńkọ́? Bí ẹnì kan bá fi orúkọ tuntun sí àárín ọ̀kan, nọ́ńbà gbogbo orúkọ tí ó tẹ̀lé e yóò yí padà. Àyọkúrò lè wá di iṣẹ́ mìíràn lọ́dọ̀ ẹ̀yà tí ó gbà á. Fáìlì kọ̀ọ̀kan tọ̀nà ní ti ara rẹ̀. Nítorí náà, bí ó bá jẹ́ bíìtì lásán ni ó so wọ́n pọ̀, irinṣẹ́ ìyẹ̀wò lè má rí àṣìṣe kankan. Bí a bá sì ti tẹ ẹ̀rọ náà sórí sílíkọ́nì, ẹ̀pa kò bóró mọ́.

Ìlànà mẹ́ta ni ó ń dáàbò bo irú iṣẹ́ yìí. Èkíní, ohun tí ó ju ẹ̀yà kan lọ ń lò nìkan ni ó yẹ kí ó wọ fáìlì àjọlò, nítorí àtúnṣe kan níbẹ̀ kan gbogbo ilé. Èkejì, fáìlì náà ni irinṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kà: ilé ni a ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bẹ́ẹ̀ ni àkójọ méjì kò gbọdọ̀ gbára lé ara wọn. Ẹ̀kẹta, ó dára kí a pe orúkọ mọ́ ìdílé rẹ̀, bí ibex_pkg::ALU_ADD, kí òǹkàwé lè mọ ibi tí ó ti ṣẹ̀ wá.

Ní kúkúrú, ìtumọ̀ tí a jọ ń lò gbọ́dọ̀ ní orísun kan ṣoṣo, ìbáà ṣe nínú ìwé ìperí, ìbáà ṣe nínú ẹ̀rọ.