Ìfàdàmọ̀dìsáká: Àlàyé lórí Ìlanu Kan nínú Ètò Orúkọ Íntánẹ́ẹ̀tì

1. Ìfáárà

Ní ọdún 1984 ni ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú rẹ̀, jáde. Ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni ni ìwé náà dá lé lórí. Ìmọ̀ kọ̀ǹpútà kò sí lára rẹ̀. Nítorí náà, olùkọ́ tàbí atúmọ̀-èdè tí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ààbò íntánẹ́ẹ̀tì ní láti wá ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, ìtumọ̀ ọ̀rọ̀-sí-ọ̀rọ̀ sì lè ṣi ni lọ́nà. Àpẹẹrẹ kan ni ohun tí àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní cache poisoning. Bí a bá tú u sí ‘fífi májèlé sí ibi ìpamọ́’, akẹ́kọ̀ọ́ yóò rò pé àrùn ni ó wọ kọ̀ǹpútà òun, yóò sì máa wá a kiri inú ẹ̀rọ tí kò ní àbùkù kankan. Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ gan-an, kí a tó sọ ọ́ lórúkọ.

2. Ètò Orúkọ

Orúkọ ni ènìyàn ń rántí. Nọ́ńbà ni àwọn kọ̀ǹpútà fi ń mọ ara wọn. Ní ọdún 1983, Paul Mockapetris gbé ètò kan kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà tí yóò máa bá ni wá nọ́ńbà tí ó jẹ́ ti orúkọ kọ̀ọ̀kan. DNS ni ìkékúrú orúkọ ètò náà. Láti apá ọ̀tún ni ó ti ń tú orúkọ palẹ̀. Nínú oauife.edu.ng, ng dúró fún Nàìjíríà, edu dúró fún ilé-ẹ̀kọ́, oauife sì dúró fún Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀.

Kí a wí pé akẹ́kọ̀ọ́ kan tẹ orúkọ yìí. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ kì í dá ìwádìí náà ṣe. Ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà mìíràn tí a ó pè ní abániwádìí ni ó ń gbé e lọ. Abániwádìí yóò kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn kọ̀ǹpútà tí ó wà ní gbòǹgbò ètò náà. Àwọn wọ̀nyí yóò darí rẹ̀ sí ti ng, ti ng yóò tún darí rẹ̀ síwájú, títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà tí ó ní àṣẹ lórí orúkọ náà, èyíinì ni aláṣẹ. Kí ó má baà máa rin ìrìn yìí nígbà gbogbo, yóò kó ìdáhùn náà sí àká, yóò sì máa bù ú fún ẹnikẹ́ni tí ó bá tún béèrè, títí gbèdéke tí aláṣẹ fi sí i yóò fi pé.

3. Ibi tí Ògiri ti Lanu

Báwo ni abániwádìí ṣe ń mọ̀ pé ọ̀dọ̀ aláṣẹ ni ìdáhùn ti wá? Láyé àtijọ́, àgbà tí ó bá rán ọmọ níṣẹ́ pàtàkì a máa fi àmì lé e lọ́wọ́, bí òrùka tàbí fìlà, kí ẹni tí a rán an sí lè gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́. Abániwádìí náà ń fi àmì sára ìbéèrè rẹ̀: nọ́ńbà kan láti 0 dé 65,535. Ìdáhùn tí ó bá kọ́kọ́ dé, tí ó jọ ti aláṣẹ, tí ó sì gbé àmì kan náà, ni yóò gbà. Èyí tí ó bá dé lẹ́yìn, ì báà jẹ́ ti aláṣẹ gan-an, dídànù ni yóò dà á nù. Oníjìbìtì tí ó bá rọ̀jò ayédèrú ìdáhùn lé e lórí lè ṣèèṣì mọ àmì náà.

Ewu yìí kò ṣàjèjì sí àwọn onímọ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n gbà pé àká fúnra rẹ̀ jẹ́ ààbò: bí oníjìbìtì kò bá tètè mọ àmì, ìdáhùn aláṣẹ yóò wọ àká, yóò sì di ìgbà tí gbèdéke bá pé kí ó tó tún gbìyànjú.

4. Àwárí Ọdún 2008

Ní ọdún 2008, Dan Kaminsky, ọmọ Amẹ́ríkà, fi hàn pé ààbò yẹn kò tó. Oníjìbìtì kò ní béèrè oauife.edu.ng; orúkọ tí kò sí ni yóò máa béèrè: a1.oauife.edu.ng, a2.oauife.edu.ng, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Níwọ̀n bí kò ti sí èyíkéyìí nínú wọn nínú àká, ìbéèrè kọ̀ọ̀kan fún un ní àǹfààní tuntun, kò sì ní gbèdéke kankan láti dúró dè. Ayédèrú ìdáhùn rẹ̀ yóò wí pé: ‘Ẹ lọ bi aláṣẹ oauife.edu.ng, nọ́ńbà aláṣẹ náà nìyí.’ Nọ́ńbà kọ̀ǹpútà tirẹ̀ ni yóò fi síbẹ̀. Bí ẹyọ kan ṣoṣo bá bá àmì mu, gbogbo orúkọ tí ó wà lábẹ́ oauife.edu.ng ti bọ́ sí i lọ́wọ́ nínú àká náà. Ẹnikẹ́ni tí ó ń lo abániwádìí yẹn lè máa dé ojúlé èké, kí ó sì máa tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò ṣi orúkọ tẹ̀.

BIND, ètò-iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ abániwádìí ní àgbáyé ń lò, wà lára àwọn tí ó ní àléébù yìí. Kaminsky kò tètè pariwo rẹ̀. Ó fi tó àwọn tí ó ń ṣe irú ètò-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ létí ní ìkọ̀kọ̀, wọ́n sì jùmọ̀ gbé àtúnṣe jáde ní ọjọ́ 8 oṣù Keje. Àtúnṣe náà ni pé kí ẹnu-ọ̀nà tí ìbéèrè ń gbà jáde máa yí padà ní ọ̀nà tí ẹnìkan kò lè mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹnu-ọ̀nà wọ̀nyí ju 60,000 lọ. Bí a bá fi iye wọn sọ iye àmì di púpọ̀, ohun tí oníjìbìtì ní láti mọ̀ kúrò ní ọ̀kan nínú 65,536, ó di ọ̀kan nínú nǹkan bí bílíọ̀nù 4.

Àtúnṣe yìí dín ewu kù, kò pa á rẹ́. Ní ọdún 2020, àwọn olùwádìí kan tún fi ọ̀nà tí a lè gbà mọ ẹnu-ọ̀nà náà hàn. DNSSEC ni ó fìdí ọ̀rọ̀ múlẹ̀ jù, nítorí pé ó ń fi òǹtẹ̀ sára ìdáhùn. Oṣù Keje ọdún 2010 ni wọ́n fi òǹtẹ̀ sí gbòǹgbò ètò náà. Ṣùgbọ́n òǹtẹ̀ kò wúlò bí aláṣẹ kò bá lù ú, tàbí bí abániwádìí kò bá yẹ̀ ẹ́ wò.

5. Ọ̀rọ̀-Ìperí

Májèlé a máa ba ohun tí ó bá wọ̀ jẹ́. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, ara àká le, ara kọ̀ǹpútà náà le. Ohun tí a kó sínú àká ni kì í ṣe òtítọ́. Àbùlà sún mọ́ ọn díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹmu àbùlà ṣì ní ẹmu nínú. Ayédèrú nọ́ńbà kò ní òtítọ́ kankan nínú. Àdàmọ̀dì ni ó bá a mu jù, nítorí pé ohun tí a ṣe kí ó lè jọ ojúlówó ni. Bí ‘fi ọwọ́ sí’ ṣe di ìfọwọ́sí, bẹ́ẹ̀ ni ‘fi àdàmọ̀dì sí àká’ yóò di ìfàdàmọ̀dìsáká.

Fún àléébù tí ó fún oníjìbìtì láàyè, ‘àìlera’ yóò tún mú ọkàn lọ sí àìsàn. Òwe ti fi ọ̀rọ̀ tí ó dára jù lélẹ̀: bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́. Ìlanu ni a dábàá. Bákan náà, kí atúmọ̀-èdè má ṣe pe port ní èbúté; ọkọ̀ ojú omi kò sí níbẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ń gbà wọlé tí ó sì ń gbà jáde ni. Ẹnu-ọ̀nà ni ó tọ́.

6. Ìgúnlẹ̀

Ọ̀rọ̀-ìperí tí ó péye a máa tọ́ ìrònú sọ́nà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó gbọ́ ‘májèlé’ yóò béèrè pé, ‘Kí ni ó ń ṣe kọ̀ǹpútà mi?’ Èyí tí ó gbọ́ ìfàdàmọ̀dìsáká yóò béèrè pé, ‘Ta ni ó ń bá mi wádìí? Ǹjẹ́ wọ́n ti dí ìlanu rẹ̀? Ǹjẹ́ ó ń yẹ òǹtẹ̀ wò?’ Ìbéèrè kejì yìí ni ó lè dáàbò bò ó.