Ilé-Ìtàwé New Beacon ní Lọ́ńdọ̀nù: Ọ̀nà Ìdáàbòbò Ìmọ̀ Aláwọ̀ Dúdú

Ní ọdún 1966 ni John La Rose, ọmọ bíbí ìlú Arima ní Trinidad, àti Sarah White dá New Beacon Books sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Inú ilé tí wọ́n ń gbé ni iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1973 ni ó kó lọ sí Ilé Kẹrìndínlọ́gọ́rin (76) ní òpópónà Stroud Green, ní àdúgbò Finsbury Park. Orúkọ rẹ̀ wá láti ara The Beacon, ìwé àtìgbàdégbà tí àwọn òǹkọ̀wé Trinidad gbé jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930.

Èrò La Rose ni pé ìjọba amúnisìn fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ nípa fífi ìmọ̀ pamọ́ fún àwọn tí ó ń jọba lé lórí, débi pé ìran kan kì í mọ ohun tí ìran tó ṣáájú rẹ̀ ti ṣe. Nítorí náà, New Beacon kò fi mọ sí títa ìwé. Ó ń tẹ ìwé jáde pẹ̀lú. Ní 1969, ó tún Froudacity tẹ̀, ìwé tí J. J. Thomas, olùkọ́ aláwọ̀ dúdú ní Trinidad, kọ ní 1889 láti fèsì fún J. A. Froude, òpìtàn Gẹ̀ẹ́sì tí ó sọ pé àwọn aláwọ̀ dúdú Karíbíánì kò tó ara wọn ṣàkóso. Ọdún kan náà ni ó tún gírámà èdè Creole tí Thomas kọ ní 1869 tẹ̀. Ìwé yìí yóò rán onímọ̀ Yorùbá létí iṣẹ́ Àjàyí Crowther, tí àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1843: àwọn méjèèjì jẹ́ aláwọ̀ dúdú tí ó fi ìlànà ìmọ̀ gbé èdè tí wọ́n kà sí yẹpẹrẹ lékè.

Ní 1971, New Beacon tẹ ìwé Bernard Coard jáde, èyí tí ó tú àṣírí bí àwọn iléẹ̀kọ́ ìjọba ṣe ń kó àwọn ọmọ Karíbíánì lọ sí iléẹ̀kọ́ àwọn tí wọ́n kà sí ọ̀dẹ̀. Àwọn òbí tí ọ̀rọ̀ náà kàn rí ohun tí wọ́n lè fi jà. La Rose fúnra rẹ̀ ti dá iléẹ̀kọ́ àfikún sílẹ̀ fún irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ní 1969.

Láti 1982 sí 1995, New Beacon, Bogle-L'Ouverture àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ wọn ṣe ìpàtẹ ìwé àgbáyé tí ó kó àwọn òǹtẹ̀wé àti òǹkọ̀wé aláwọ̀ dúdú jọ. Ní 1991, wọ́n dá George Padmore Institute sílẹ̀ nínú ilé náà láti máa tọ́jú àwọn àkọsílẹ̀ ìjàkadì wọ̀nyí.

La Rose jáde láyé ní 2006. Ní òpin 2021, owó fẹ́ gbé ilé-ìtàwé náà dè. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà, àwọn ará àdúgbò àti òǹkàwé kó owó jọ, wọn kò jẹ́ kí ilẹ̀kùn rẹ̀ tì. Owó títa ìwé nìkan kò tó láti gbé irú iṣẹ́ yìí ró. Àwọn tí ó ń jàǹfààní ìmọ̀ inú rẹ̀ ni ó ń gbé e dúró.