Ṣé Iṣan Ara Ṣe É Rà? Ìtàn Àwọn Tó Ń Fi Lẹ́tà Ta Agbára



Nígbà ìsinmi Kérésì tó kọjá, mo wà nílé ní Ifẹ̀-Olúkòtún. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni àbúrò mi ọkùnrin gbé fóònù rẹ̀ wá bá mi. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni, ó sì tínrín bíi gbogbo wa nílé. Ìpolówó kan ló wà lórí WhatsApp: fọ́tò ọkùnrin méjì, ọ̀kan gbẹ bí igi ìdáná, àyà èkejì fẹ̀ bí ilẹ̀kùn. Wọ́n ní ẹnì kan náà ni, wọ́n ní ọjọ́ 14 péré ló wà láàárín fọ́tò méjèèjì.

"Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi náírà 8,000 kún owó ọwọ́ mi. Mo ti lo ti àkọ́kọ́ tán, ó sì ń ṣiṣẹ́."

Lóòótọ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti yọ díẹ̀. Màmá wa ti ń dúpẹ́ pé ọmọ òun ń sanra. Èmi tí mo ń kàwé gboyè kejì nínú báyókẹ́mísírì náà ti sọ fún un pé ó yẹ ẹ́. Ẹ ò rí nǹkan!

Bàbá àgbà wa jókòó níwájú ilé, wọ́n ní ká gbé fóònù náà wá. Wọ́n wò ó, wọ́n rẹ́rìn-ín. "A rí irú èyí nígbà tí a wà nílé ìwé. Inú ìwé ìròyìn ló máa ń wà. Ẹ̀yin ń fi fóònù sanwó, àwọn ẹgbẹ́ wa ń fi postal order sanwó."

Àṣé òwò yìí ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀! Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àwọn ọ̀gá alágbára

Wọ́n bí Eugen Sandow ní 1867 ní Königsberg, ní ilẹ̀ Prussia. Orí ìtàgé ló ti ń gbé irin tí àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́ fún un. Ní 1897, ó ṣí ilé ìdárayá sí Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni tí kò bá lè dé Lọ́ńdọ̀nù á kọ ọjọ́ orí rẹ̀, ìwọ̀n ara rẹ̀ àti ohun tó ń ṣe é sínú fọ́ọ̀mù, á fi owó tì í, ìwé eré ìdárayá á sì wá bá a nílé. Ní 1901, Sandow ṣe ìdíje ẹwà ara ní Royal Albert Hall. Arthur Conan Doyle, ẹni tó kọ ìtàn Sherlock Holmes, wà lára àwọn adájọ́. Ère Sandow yìí náà ni wọ́n ń fún ẹni tó bá gba Mr. Olympia títí di òní.

Títí débẹ̀, kò sí ẹ̀sùn. Eré ìdárayá dára. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, Sandow bẹ̀rẹ̀ sí í polówó pé ọ̀nà tòun ń wo àìsàn oríṣiríṣi, ó sì ń ta kòkó mímu tó fi orúkọ ara rẹ̀ sí.

Ní Amẹ́ríkà, Bernarr Macfadden dá ìwé ìròyìn Physical Culture sílẹ̀ ní 1899. Ó ní kí àwọn èèyàn máa rìn, kí wọ́n máa jẹ ewébẹ̀, kí wọ́n má mu sìgá. Ìmọ̀ràn tó dáa ni. Àmọ́ ó tún ní ààwẹ̀ ń wo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo àìsàn, ó sì lòdì sí abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ní 1955, àìsàn kọ lù ú, ó fẹ́ fi ààwẹ̀ wò ó, ó sì kú.

Ìdíje Macfadden ló gbé Angelo Siciliano jáde. Ọmọ Ítálì ni, a bí i ní 1892, láti kékeré ló ti wà ní Brooklyn. Ẹ̀yin mọ̀ ọ́n sí Charles Atlas. Ìpolówó rẹ̀ lókìkí gan-an: wọ́n ta yanrìn sójú ọ̀dọ́kùnrin kan tó tínrín létí òkun, níwájú ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀. Ó padà sílé, ó kọ̀wé sí Atlas, ó sì wá gbẹ̀san. Kì í ṣe eré ìdárayá nìkan ni wọ́n ń tà níbẹ̀. Ìtìjú ni wọ́n kọ́kọ́ ń tà, kí wọ́n tó wá ta oògùn rẹ̀.

Ó dé ọ̀dọ̀ wa náà

Ẹ má rò pé òyìnbó nìkan ló jẹ lẹ́tà báyìí. Àwọn ìwé ìròyìn Èkó ayé ìjọba amúnisìn máa ń polówó oògùn àti ògùn-agbára láti òkè òkun. Ọ̀kan tó gbajúmọ̀ ni Dr. Williams' Pink Pills. Èròjà irin wà nínú rẹ̀, nítorí náà, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gbẹ torí àìtó irin lè rí ìrànlọ́wọ́ gidi. Ṣùgbọ́n ìpolówó wọn ní ó ń wo ẹni tí ara rẹ̀ ti rọ pàápàá!

Ní ìlẹ̀ wa níbí, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ P. Crentsil, tó ti ṣiṣẹ́ ìjọba rí, ń kọ lẹ́tà káàkiri ní 1920 pé tí èèyàn bá sanwó, òun á fi agbára ìyanu ràn án lọ́wọ́. "Professor of Wonders" ló ń fi sísàlẹ̀ lẹ́tà. Ní 1921, ọlọ́pàá fi ẹ̀sùn kàn án. Ẹ fojú inú wo abala òfin tó wà lára ẹ̀sùn náà: 419.

Kí ló ń mú iṣan dàgbà gan-an?

Ẹ tẹ àtẹ́lẹwọ́ yín méjèèjì mọ́ ara wọn gírígírí, kí ẹ ka ení dé ẹẹ́wàá. Ṣé ẹ rí i pé àyà àti apá yín le? Ọwọ́ kan ń bá èkejì jà. Irú èyí ló wà nínú ìwé tí Atlas ń tà, Dynamic Tension ló pè é. Ó ń ṣiṣẹ́ o!

Ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àkọ́kọ́, iṣan kò tíì tóbi púpọ̀. Ọpọlọ ló ń kọ́ bó ṣe máa pe okùn iṣan púpọ̀ síṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí nìyẹn tí agbára fi ń yọ ṣáájú ìrísí. Tí iṣẹ́ náà bá ń bá a lọ tó sì ń le sí i, sẹ́ẹ̀lì iṣan á máa to purotéènì tuntun jọ, iṣan á wá nípọn. Ohun tó nílò kò ju iṣẹ́, oúnjẹ bí ẹ̀wà, ẹyin, ẹja àti wàrà, pẹ̀lú oorun tó péye. Oṣù ló ń gbà, kì í ṣe ọjọ́ 14. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Iṣan ò mọ ẹni tó gba owó. Ẹrù tó wà lórí rẹ̀ nìkan ló mọ̀. Ẹni tó ń kọ ebè iṣu lóko wa kò ka ìwé Atlas rí, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀.

Ibi tí ọgbọ́n àwọn tó ń tà á wà nìyí: ìwọ lo ṣiṣẹ́, àwọn ló gba ògo. Tó bá ṣiṣẹ́, wọ́n á gba lẹ́tà ìdúpẹ́ rẹ, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ jáde. Tí kò bá ṣiṣẹ́, ìwọ ni o kò ṣe é dáadáa, ìtìjú ò sì ní jẹ́ kó o sọ̀rọ̀. Òtítọ́ díẹ̀ tó wà nínú rẹ̀ ló ń gbé irọ́ yòókù kọjá.

Nígbà tó bá di ohun gbígbé mì

Ìwé eré ìdárayá lè gba owó ẹ lásán, kò lè pa ẹ́. Ohun tí a ń gbé mì yàtọ̀. William Bailey ní Amẹ́ríkà ń pe ara rẹ̀ ní dókítà, kì í sì í ṣe dókítà. Ó ń ta Radithor, omi tí a fi radium sí, pé ó ń fúnni lókun. Ọlọ́rọ̀ kan tó ń gbá golf, Eben Byers, mu ìgò tó tó 1,400. Egungun àgbọ̀n rẹ̀ jẹrà, ó sì kú ní 1932.

Ìyẹn ló sọ sí mi lọ́kàn tí mo fi ní kí àbúrò mi gbé ọ̀rá oògùn rẹ̀ wá. Tábúlẹ́ẹ̀tì méjì ló wà nínú rẹ̀: cyproheptadine àti dexamethasone. Oògùn gidi ni méjèèjì, àwọn dókítà ń lò wọ́n. Ti àkọ́kọ́ wà fún ara yíyún àti irú àìsàn bẹ́ẹ̀. Ó máa ń mú kí ebi pani, kí oorun sì kunni. Èkejì jẹ́ steroid tó lágbára: ó ń mú ojú wú, ó ń gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sókè, ó lè gbé ẹ̀jẹ̀ ríru wá. Èyí tó dùn mí jù ni pé tí wọ́n bá ń lò ó pẹ́, ó ń wó iṣan palẹ̀. Ohun tí ọmọ náà fẹ́ kọ́ ni oògùn yẹn ń jẹ. Sísanra tí à ń yìn ín fún, omi àti ọ̀rá ni.

Bó o bá ti ń lo irú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, má kàn jù ú nù lójijì o. Ara lè ti gbàgbé bí yóò ṣe pèsè tirẹ̀. Lọ rí dókítà. Nọ́ńbà NAFDAC lára páálí pàápàá kò sọ pé oògùn náà wà fún ohun tí ẹni tó ń tà á sọ.

A gbé àbúrò mi lọ sílé ìwòsàn, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ara rẹ̀ dá. Inú rẹ̀ ò dùn sí mi fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ yẹn kúkú ti wù ú.

Ìtàn Bàbá àgbà ló padà tù ú nínú. Ọ̀rẹ́ wọn kan ló fowó ránṣẹ́ nígbà náà. Oṣù púpọ̀ ni ìwé náà fi wà lójú ọ̀nà. Nígbà tó dé, gbogbo wọn ló jọ ń ṣe é lẹ́yìn ilé ìwé ní àràárọ̀.

"Àyà rẹ̀ yọ," Bàbá àgbà ní. "Ṣùgbọ́n àyà èmi tí mi ò san kọ́bọ̀ náà yọ."