Nígbà tí Àrùn Dí Ọ̀nà Ilé Àdúrà

Àwọn àgbà wa ní, àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ṣùgbọ́n bí àrùn bá ní kí ọwọ́ má kan ọwọ́ mọ́ ńkọ́?

Ìbéèrè yìí dé bá àwọn Júù ìlú Posen ní ọdún 1831. Abẹ́ ọba Prussia ni ìlú náà wà nígbà náà. Lónìí, ilẹ̀ Pólándì ni. Onígbáméjì ń pa ènìyàn, ọdún ńlá sì ti sún mọ́lé: Ọdún Tuntun wọn, tí wọ́n ń fọn ìwo àgbò, àti Ọjọ́ Ètùtù, tí wọ́n ń gbààwẹ̀. Ní ọjọ́ wọ̀nyí, sínágọ́gù a máa kún fọ́fọ́.

Kí ni Akiva Eger, rábì wọn, ṣe? Àgbàlagbà tó ń lọ sí àádọ́rin ọdún ni. Kò ní kí wọ́n máa rọ́ wọlé. Kò sì ní kí ìjọ fọ́nká. Nínú Òfin àwọn Júù, gbígba ẹ̀mí là ṣíwájú Sábátì pàápàá. Ọkùnrin mẹ́wàá sì tó láti pe ìjọ fún àdúrà. Nítorí náà, ó ní kí wọ́n pín ara wọn sí ọ̀wọ́ kéékèèké, bí ènìyàn 15. Kí ọ̀wọ́ kan bẹ̀rẹ̀ ní àfẹ̀mọ́júmọ́, kí òmíràn tẹ̀lé e. Fún ọjọ́ ọdún, ìdajì ìjókòó péré ni wọn yóò lò. Wọ́n ṣẹ́ kèké: ẹni tó bá wọlé ní Ọdún Tuntun yóò fi àyè sílẹ̀ fún ẹlòmíràn ní Ọjọ́ Ètùtù. Ọba Frederick William Kẹta kọ̀wé dúpẹ́ lọ́wọ́ rábì náà.

Ẹ wo ọgbọ́n kèké yẹn. Ẹni tó jókòó sílé mọ̀ pé wọn kò lé òun jáde. Ó fi àyè sílẹ̀ fún ará rẹ̀ ni.

Ní ọdún 2020, Kòrónà tún mú ìbéèrè kan náà wá. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 18 oṣù kẹsàn-án ni Ọdún Tuntun bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ náà gan-an ni ìjọba Ísírẹ́lì tún sé ìlú mọ́. Ọ̀pọ̀ ìjọ kó àdúrà lọ sí àgbàlá àti ojú pópó. Àwọn kan ṣe ìsìn lórí kọ̀ǹpútà. Àwọn tó di Òfin mú ṣinṣin kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí wọn kì í lo irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ mímọ́. Kí ọdún tó wọlé ni wọ́n ti ní láti fóònù sí àwọn arúgbó, kí wọ́n sì gbé oúnjẹ àti ìwé àdúrà dé ẹnu ọ̀nà wọn. Ọjọ́ kìíní ọdún bọ́ sí Sábátì, wọn kì í sì fọn ìwo ní Sábátì. Ọjọ́ kejì ni wọ́n fọn ún ní ìta, kí ẹni tí kò lè jáde lè gbọ́ ọ láti ojú fèrèsé.

Àwa náà kò gbàgbé ọdún yẹn, tí a ṣe ọdún Àjíǹde nínú ilé. Ilẹ̀kùn ti ṣí láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n àwọn arúgbó àti aláìsàn kan wà láàárín wa tí tiwọn kò tíì ṣí. Kí ọdún ńlá tó ń bọ̀ tó dé, ẹ jókòó pẹ̀lú àwọn ọmọ yín. Ẹ dárúkọ àwọn ará àdúgbò tí kò lè wá sí Mísà mọ́. Ẹ yan ẹni tí yóò lọ kí ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹ má sì dúró de ọjọ́ ọdún.