Bí Àlítánétọ̀ Mọ́tò Bá Kú: Ẹ Wọ̀n Ọ́n Kí Ẹ Tó Rà, Ẹ Kọ Ọ́ Kí Ẹ Tó Tú U

Paouignan wà lẹ́bàá títì ńlá tó ti Cotonou wá, tó gba Bohicon àti Dassa-Zoumè kọjá lọ sí Parakou, tó sì lọ títí dé Malanville lẹ́nu ààlà ilẹ̀ Niger. Tọ̀sán-tòru ni ọkọ̀ ń kọjá níbẹ̀. Ọkọ̀ akérò ń kọjá, tírélà ń kọjá, alùpùpù náà ń kọjá. Ẹni tí iná mọ́tò rẹ̀ bá kú lóru lójú títì yìí wà nínú ewu, nítorí pé tírélà tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò ní tètè rí i.

Bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn á ní: «Bátìrì ló kú.» Wọ́n á lọ ra bátìrì tuntun. Kò ní pẹ́, bátìrì tuntun náà á tún kú. Owó ti lọ, àìsàn sì wà níbẹ̀ síbẹ̀. Nígbà púpọ̀, kì í ṣe bátìrì ló ṣẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń fún bátìrì ní oúnjẹ ni kò ṣiṣẹ́ mọ́. Àlítánétọ̀ ni orúkọ ẹ̀rọ náà. Àwọn mẹkáníìkì wa tó ń sọ Faransé ń pè é ní alternateur. Àwọn àgbà awakọ̀ mìíràn sì ń pè é ní dínámò.

Ẹni tó mọ̀wé kà, tó mọ nọ́ńbà, tó sì ní sípánà mélòó kan lè pààrọ̀ àlítánétọ̀ fúnra rẹ̀ ní àgbàlá ilé rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á wo bí a ṣe ń ṣe é.

KÍ NI IṢẸ́ ÀLÍTÁNÉTỌ̀?

Bátìrì dà bí àmù omi. Iná iwájú, fèrè, rédíò àti ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ń bu omi nínú àmù yìí. Àlítánétọ̀ ni ẹni tó ń pọn omi sínú rẹ̀. Bí apọnmi bá jókòó, àmù á gbẹ, bó ti wù kó tóbi tó.

Báwo ló ṣe ń rí iná? Bẹ́líìtì rọ́bà kan wà tí ẹ́ńjìnnì fi ń yí àlítánétọ̀. Nínú àlítánétọ̀, irin kan tó ti di òòfà ń yí láàárín wáyà bàbà. Michael Faraday, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló fi hàn ní 1831 pé bí òòfà bá ń rìn nítòsí wáyà, iná á jáde nínú wáyà náà. Ṣùgbọ́n iná yìí ń lọ, ó ń bọ̀, bátìrì kò sì lè gbà á bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe fi àwọn dáyóòdù sínú rẹ̀. Dáyóòdù dà bí ilẹ̀kùn tó ń ṣí sí apá kan ṣoṣo: iná lè jáde lọ sínú bátìrì, kò lè padà. Ohun mìíràn tún wà tó ń jẹ́ rẹ́gúlétọ̀. Òun ló ń ṣọ́ iná kó má pọ̀ jù. Èédú kéékèèké méjì sì wà tó ń fara kan irin tó ń yí, tí ń gbé iná dé inú rẹ̀. Èédú yìí máa ń jẹ tán bí ọṣẹ.

Láyé àtijọ́, dínámò ni mọ́tò ń lò. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, dínámò kì í lè fún bátìrì ní oúnjẹ tó tó. Ní 1960, ilé-iṣẹ́ Chrysler ní Amẹ́ríkà fi àlítánétọ̀ sínú mọ́tò rẹ̀ tó ń jẹ́ Valiant. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn tó kù tẹ̀ lé e.

ÌṢIRÒ KÉKERÉ KAN

Bátìrì nìkan, wákàtí mélòó ló lè gbé mọ́tò lóru? Ká ní nọ́ńbà tó wà lára bátìrì ni 12 V, 45 Ah. Iná iwájú méjì, 55 wáàtì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan: 55 + 55 = 110. Ká ní iná ẹ̀yìn àti iná tí ẹ́ńjìnnì ń jẹ jẹ́ 70 wáàtì. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 180.

180 ÷ 12 = 15. Ámpíà 15 ni mọ́tò ń jẹ.
45 ÷ 15 = 3. Wákàtí 3 ni bátìrì lè gbà.

Ṣùgbọ́n wákàtí 3 yìí, orí bébà ló wà. Bátìrì tó ti gbó kò lè tó bẹ́ẹ̀, iná iwájú á sì ti pọ́n kí bátìrì tó tán. Láti Paouignan dé Cotonou ju 150 kìlómítà lọ. Ẹni tó bá ní «Ọlọ́run á gbé mi délé», tó gbéra lóru láìsí àlítánétọ̀, ó lè sùn sójú ọ̀nà o. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ gbé mọ́tò náà lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, ọ̀sán ni kí ẹ lọ. Ẹ pa rédíò àti fáànù, ibi tó sún mọ́ tòsí sì ni kí ẹ lọ.

ÀWỌN ÀMÌ TÓ Ń FI HÀN

1. Iná pupa kékeré tó ní àwòrán bátìrì kò kú nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́.
2. Iná iwájú pọ́n bí àtùpà tí epo rẹ̀ ń tán lọ.
3. Fèrè kò dún kíkan mọ́.
4. Bátìrì ń kú ní alaalẹ́, bí wọ́n tilẹ̀ ti fún un ní iná láàárọ̀.
5. Ariwo ń jáde níbi tí bẹ́líìtì wà, tàbí òórùn rọ́bà tó ń jóná.

Ẹ kíyè sí iná pupa yẹn. Bí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́ láìtíì sítáàtì, ó gbọ́dọ̀ tàn. Bí ẹ bá sítáàtì, ó gbọ́dọ̀ kú. Bí kò bá tàn rárá, gílóòbù rẹ̀ lè ti jó. Nínú àwọn mọ́tò àtijọ́, gílóòbù kékeré yìí nìkan tó láti mú kí àlítánétọ̀ má ṣiṣẹ́.

Ẹ YẸ̀ Ẹ́ WÒ KÍ Ẹ TÓ NÁWÓ

Ẹ pa ẹ́ńjìnnì kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Bẹ́líìtì: ṣé ó ti là? Ṣé ó ti dẹ̀? Ṣé epo ti ta sí i? Bẹ́líìtì tó dẹ̀ kò lè yí àlítánétọ̀ dáadáa.

Orí bátìrì: bí ìyẹ̀fun funfun bá bò ó, ẹ fi omi gbígbóná àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, kí ẹ sì dè é dáadáa.

Wáyà: ẹ wo ẹ̀yìn àlítánétọ̀. Wáyà lè ti yọ. Eku lè ti gé e jẹ. Ẹ wo fúúsì pẹ̀lú.

Lẹ́yìn èyí, ẹ mú mítà tí àwọn oníṣẹ́ iná fi ń wọn iná. Ẹ fi ẹsẹ̀ rẹ̀ pupa kan orí bátìrì tó ní àmì +, ẹ fi èyí tó dúdú kan orí tó ní àmì −. Ẹ ka nọ́ńbà rẹ̀:

Nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti sinmi fún wákàtí mélòó kan: 12,6 túmọ̀ sí pé bátìrì kún. 12,2 túmọ̀ sí pé ó ku bí ìdajì. Bí kò bá tó 12, ó ti gbẹ.

Nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́: láti 13,8 dé 14,5, àlítánétọ̀ ń ṣiṣẹ́ rẹ̀. Bí kò bá tó 13, kò pọnmi mọ́. Bí ó bá ju 15 lọ, rẹ́gúlétọ̀ ti bàjẹ́, iná tó pọ̀ jù á sì mú omi bátìrì hó títí yóò fi gbẹ.

Àwọn kan wà tí wọ́n ń yọ orí bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ní bí ẹ́ńjìnnì kò bá kú, àlítánétọ̀ dára. Ẹ má ṣe é o! Bí ẹ bá yọ ọ́ bẹ́ẹ̀, iná lè fò sókè lójijì, kó jó dáyóòdù, kó sì ba rédíò àti kọ̀ǹpútà mọ́tò jẹ́. Àlítánétọ̀ tó dára tẹ́lẹ̀ lè ti ibẹ̀ kú.

OHUN TÍ Ẹ MÁA LÒ

Sípánà nọ́ńbà 10, 13 àti 17 ló wọ́pọ̀ jù, mọ́tò kan sì lè ní tirẹ̀. Ẹ wá igi líle kan, àkísà, bébà àti bíírò. Ẹ má fojú kéré bébà àti bíírò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló mọ bí a ṣe ń tú nǹkan, àtò rẹ̀ padà ni wàhálà.

BÍ A ṢE Ń PÀÀRỌ̀ RẸ̀

1. Ẹ gbé mọ́tò sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ẹ fa bíréèkì ọwọ́. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, kí ẹ jẹ́ kó tutù.

2. Ẹ tú orí bátìrì tó ní àmì −. Èyí ni iṣẹ́ àkọ́kọ́, kò sí èyí tó ṣáájú rẹ̀. Ẹ fi àkísà wé e, kó má baà fara kan bátìrì. Wáyà ńlá tó wà lẹ́yìn àlítánétọ̀ ti ọ̀dọ̀ bátìrì wá tààrà. Bí sípánà bá kàn án mọ́ irin mọ́tò nígbà tí bátìrì ṣì wà níbẹ̀, iná á ṣẹ́ yọ, ó sì lè jó ọwọ́ yín.

3. Ẹ ya àwòrán bí bẹ́líìtì ṣe gba ibi gbogbo kọjá. Ẹ kọ orúkọ wáyà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Níbi tí wáyà ńlá wà, ẹ lè rí B+ tàbí B. Níbi tí wáyà iná pupa wà, ẹ lè rí D+ tàbí L.

4. Ẹ tú àwọn wáyà náà.

5. Ẹ dẹ bóòtù tí a fi ń fa bẹ́líìtì. Ẹ dẹ bóòtù gígùn tó gbé àlítánétọ̀ ró. Ẹ ti àlítánétọ̀ sún mọ́ ẹ́ńjìnnì, bẹ́líìtì á dẹ̀, kí ẹ yọ ọ́. Bí Peugeot 504 ṣe rí nìyí, mọ́tò tó jáde ní 1968, tó sì kó èrò púpọ̀ láyé ọjọ́un. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò òde òní, bẹ́líìtì gígùn kan ṣoṣo ló ń yí gbogbo nǹkan, irin onísípíríǹgì ló sì ń fà á. Ẹ fi sípánà yí irin náà sẹ́yìn kí ẹ tó yọ bẹ́líìtì.

6. Ẹ yọ bóòtù pátápátá, kí ẹ fi ọwọ́ kan di àlítánétọ̀ mú. Ó wúwo o, ẹ má jẹ́ kó já lu ẹsẹ̀ yín.

7. Ẹ gbé ti àtijọ́ dání lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tà á. Ẹ fi méjèèjì wé ara wọn: ṣé etí tí bóòtù ń gbà kọjá bá ara mu? Ṣé ipa bẹ́líìtì tó wà lára àgbá rẹ̀ jẹ́ iye kan náà? Ṣé 12 V ni? Ṣé ámpíà rẹ̀ kò kéré sí ti tẹ́lẹ̀? Bí ó bá jẹ́ àlòkù, ẹ fi ọwọ́ yí i: kò gbọ́dọ̀ ha, kò gbọ́dọ̀ mì. Ẹ ní kí wọ́n dán an wò lójú yín kí ẹ tó sanwó. Ẹ bèèrè pẹ̀lú bóyá èédú nìkan ló tán nínú ti àtijọ́. Oníṣẹ́ iná mọ́tò lè pààrọ̀ èédú, owó rẹ̀ kò sì ní tó ti odindi àlítánétọ̀.

8. Ẹ gbé tuntun sí àyè rẹ̀. Ẹ ki bóòtù méjèèjì bọ̀ ọ́, ẹ má tíì dè wọ́n le. Ẹ wo bébà yín, kí ẹ dá wáyà kọ̀ọ̀kan padà sí àyè tirẹ̀.

9. Ẹ fi bẹ́líìtì sí i. Ẹ fi igi fa àlítánétọ̀ kúrò lára ẹ́ńjìnnì. Apá iwájú rẹ̀ tó le ni kí igi tì, kì í ṣe ẹ̀yìn tí kò nípọn. Ẹ dè bóòtù tó ń fa bẹ́líìtì, lẹ́yìn náà kí ẹ dè èyí tó gbé e ró. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ àárín bẹ́líìtì: kó wọlé bíi sẹ̀ńtímítà 1. Bí ó bá dẹ̀ jù, á máa yọ̀. Bí ó bá le jù, á ba bíárìnì inú àlítánétọ̀ jẹ́.

10. Ẹ kó gbogbo sípánà kúrò lórí ẹ́ńjìnnì. Ẹ wá dá orí bátìrì tó ní àmì − padà. Òun la kọ́kọ́ tú, òun la ń dè kẹ́yìn.

Ẹ WỌ̀N Ọ́N LẸ́Ẹ̀KAN SÍ I

Bí bátìrì bá ti gbẹ pátápátá, ẹ gbé e lọ gba iná ná. Àlítánétọ̀ tuntun tí a fi òkú bátìrì dá lágara lè gbóná jù kó sì tètè bàjẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ sítáàtì. Iná pupa gbọ́dọ̀ kú. Ẹ mú mítà, kí ẹ rí i pé ó wà láàárín 13,8 àti 14,5. Ẹ tan iná iwájú, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n. Bí kò bá tó 13 síbẹ̀, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ tún wo wáyà àti fúúsì. Lẹ́yìn ọjọ́ kan tàbí méjì, ẹ tún tẹ bẹ́líìtì wò, nítorí pé bẹ́líìtì tuntun máa ń nà.

Ẹ má wọ aṣọ gbọ̀ọ̀rọ̀gbọọrọ tàbí ìlẹ̀kẹ̀ ọwọ́ dé ìdí ẹ́ńjìnnì. Ẹ lé àwọn ọmọdé jìnnà. Bí àlítánétọ̀ mọ́tò yín bá wà ní ìsàlẹ̀ tí ọwọ́ kò lè dé, ẹ má fi jáàkì nìkan gbé mọ́tò kí ẹ wá wọ abẹ́ rẹ̀. Ẹ gbé irú èyí lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là ń pa àmúkùrù ẹsẹ̀.

Ẹni tó bá ti ka ẹ̀kọ́ yìí, kó kà á fún dírẹ́bà tí kò tíì mọ̀wé. Mítà ń sọ òtítọ́ fún ẹni tó lè ka nọ́ńbà. Bébà ń rántí ohun tí orí gbàgbé.

Ẹ DÁHÙN ÀWỌN ÌBÉÈRÈ WỌ̀NYÍ

1. Kí ló dé tí bátìrì tuntun fi lè kú lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan?
2. Orí bátìrì wo la máa ń kọ́kọ́ tú? Kí ni ìdí rẹ̀?
3. Ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, mítà ka 12,3. Kí ni èyí ń sọ fún yín?
4. Bátìrì kan jẹ́ 60 Ah. Mọ́tò ń jẹ ámpíà 15. Wákàtí mélòó ni bátìrì náà lè gbà lórí bébà? Ṣé ẹ lè gbẹ́kẹ̀ lé e dé Cotonou lóru?