Píkọ́ọ̀pù tuntun dé, ṣùgbọ́n kí ló lè fà?

Bí èèyàn bá dúró sí ìkòríta Mayfair n'Ilé-Ifẹ̀ láàárọ̀, oríṣiríṣi píkọ́ọ̀pù ni yóò máa kọjá lójú rẹ̀. Hilux wà níbẹ̀, Tacoma wà níbẹ̀, Ranger àti L200 náà kò gbẹ́yìn. Àwọn tó ń kó kòkó bọ̀ láti ọ̀nà Ifẹ́tẹ̀dó àti Gáréèjì Olódè, àwọn tó ń gbé jẹnẹrétọ̀ àti ẹ̀rọ ìlọ̀gẹ́ kiri, àwọn tó ń fi àga àti kánọ́pì háyà fún òde àríyá, gbogbo wọn ló mọ̀ pé ọkọ̀ tó lè gbẹ́rù sẹ́yìn, tó tún lè fa ẹrù mìíràn tẹ̀ lé e, iṣẹ́ ọkọ̀ méjì ló ń ṣe. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ni bí wọ́n ṣe máa dá a mọ̀ bóyá ọkọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ní ohun tí wọ́n fi ń fa ẹrù lóòótọ́, àti àwọn nǹkan tó yẹ kó bá ọkọ̀ náà wá tí kò bá a dé.

Tuntun tí wọ́n ń wí yìí pàápàá gba àlàyé díẹ̀. Èyí tó jáde tààrà láti ilé iṣẹ́, tí àwọn ọmọ ìgboro ń pè ní tíà-rọ́bà, ìjọba àtàwọn ilé iṣẹ́ ńlá ló sábà máa ń rà á. Tòkunbọ̀ ni ti ọ̀pọ̀ mẹ̀kúnnù. Láyé ọjọ́un, ọ̀nà Kútọnu àti ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń gbà wọlé, kó tó di pé ìjọba àpapọ̀ fòfin de gbígbé ọkọ̀ gba orí ilẹ̀ wọ Nàìjíríà láti oṣù kìíní ọdún 2017, tí wọ́n ní èbúté nìkan ni kó máa gbà. Ibi yòówù kó gbà, ọwọ́ tí ọkọ̀ ọ̀hún ń kọjá kò mọ ní ẹyọ kan: ẹni tó tà á l'Amẹ́ríkà, àwọn tó wà á wọnú ọkọ̀ ojú omi, àwọn tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, aṣojú tó sanwó orí rẹ̀, dírẹ́bà tó wà á dé ibi ìtajà. Láàárín gbogbo ọwọ́ wọ̀nyí, ìyanu ni bí jáàkì kò bá sọnù.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti owó nìkan. Ọ̀nà Ifẹ̀ sí Ìbàdàn ti gba ẹ̀mí tó bẹ́ẹ̀ gẹ́ẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká, nígbà tó ń kọ́ni ní Yunifásítì Ifẹ̀, fi wà lára àwọn tó dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sílẹ̀ lọ́dún 1977, nígbà tí Ifẹ̀ ṣì wà lábẹ́ ìpínlẹ̀ náà. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá àjọ FRSC sílẹ̀ lọ́dún 1988, òun náà ni alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Lójú irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, ẹrù tó bá já kúrò lẹ́yìn ọkọ̀ kò ní dírẹ́bà, kò sì ní bíréèkì. Ẹni tó ń bọ̀ níwájú rẹ̀ ni yóò lọ bá.

Orúkọ lè da ọ̀rọ̀ rú níbí. Bí wọ́n bá pe tirélà n'Ifẹ̀, ọkọ̀ gbọ̀ngbọ̀nràn tó ń kó sìmẹ́ǹtì ló máa ń wá sọ́kàn. Kẹ̀kẹ́ ẹrù kékeré, onítáyà méjì tàbí mẹ́rin, tí kò ní ẹ́ńjìnnì, tí wọ́n ń so mọ́ ìdí ọkọ̀, lọ̀rọ̀ dá lé lórí.

Abẹ́ báńpà ẹ̀yìn ni wọ́n ti máa ń bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò. Nínú ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù tó ti Amẹ́ríkà wá, irin gbọọrọ kan máa ń wà níbẹ̀ tí wọ́n fi bóòtì dè mọ́ ṣaṣí lápá méjèèjì, tí ihò onígun mẹ́rin wà láàárín rẹ̀. Ihò yìí sábà máa ń fẹ̀ ní íǹṣì méjì. Inú rẹ̀ ni wọ́n ń ti irin tó ru bọ́ọ̀lù bọ̀, tí wọ́n á sì fi pín-ìn-nì há a. Ọ̀pọ̀ tó bá ihò náà lófìfo máa ń rò pé wọ́n ti jí nǹkan yọ ńbẹ̀. Ó lè má rí bẹ́ẹ̀. Lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó Amẹ́ríkà, ẹni tó ni kẹ̀kẹ́ ẹrù ló sábà máa ń ra irin àti bọ́ọ̀lù tó bá kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ mu, bó bá sì ń ta ọkọ̀, á yọ ọ́ dání. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé ihò bóòtì lásán ló kù lára ṣaṣí, tí ojú ibẹ̀ ń dán yàtọ̀ sí ìdọ̀tí tó yí i ká, a jẹ́ pé ẹnì kan ti tú gbogbo irin náà lọ.

Bọ́ọ̀lù pàápàá kì í ṣe ẹyọ kan ṣoṣo. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń lo íǹṣì kan àti ìdá méje nínú mẹ́jọ, íǹṣì méjì, àti íǹṣì méjì àti ìdá márùn-ún nínú mẹ́rìndínlógún. Àwọn ará Yúróòpù àti Gúúsù Áfíríkà ń lo mìlímítà 50. Íǹṣì méjì jẹ́ mìlímítà 50.8, ìyàtọ̀ tí ojú lásán kò lè rí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé ẹnu kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ṣe fún íǹṣì méjì lé bọ́ọ̀lù mìlímítà 50, yóò máa mì, ó sì lè fò yọ níbi gegele. Ara bọ́ọ̀lù àti ara ẹnu kẹ̀kẹ́ ni wọ́n máa ń tẹ ìwọ̀n náà sí. Kí wọ́n fi bébà ìhó yọ ìpẹtà ibẹ̀ kí wọ́n sì kà á.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà jù lọ ni pé wọ́n rò pé bí irin ìdí ọkọ̀ bá ti wà, ọkọ̀ ti lè fa ẹrù nìyẹn. Tacoma tí Toyota ṣe láàárín ọdún 2005 sí 2015 jẹ́ àpẹẹrẹ tó dára. Oní-ẹ́ńjìnnì V6 tó bá ní gbogbo èròjà ìfàrù láti ilé iṣẹ́ lè fa ẹrù tó 6,500 pọ́ùn, ìyẹn nǹkan bíi kílò 2,950. Èyí tí kò bá ní in, 3,500 pọ́ùn ni, nǹkan bíi kílò 1,590. Ẹ́ńjìnnì kan náà ni, ìrísí kan náà ni. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni ẹ̀rọ tó ń tu ọ́ìlì gíà lára, èyí tó ń tu ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì lára, ọtanétọ̀ tó lágbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, irin ìdí ọkọ̀ àti sọ́kẹ́ẹ̀tì iná ẹlẹ́sẹ̀ méje. Wẹ́dà kan lè gbé irin sí ìdí ọkọ̀ láàárín wákàtí méjì, ṣùgbọ́n kò lè fi iná wẹ́dà tu ọ́ìlì gíà lára. Gíà tó ń yí fúnra rẹ̀ kì í fẹ́ ooru rárá, ẹrù wúwo lórí òkè sì ni ooru rẹ̀.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ mọ òtítọ́ ní láti ṣí bóńẹ́ẹ̀tì. Kó wò ó bóyá rédíátọ̀ kékeré kan wà níwájú rédíátọ̀ ńlá, tí páìpù gíà wọ inú rẹ̀. Kó ṣí àpótí fíúsì, kó ka àwòrán tó wà lára ìdérí rẹ̀, bóyá ó máa rí ibi tí wọ́n kọ TOW tàbí TOWING sí, kó sì wò ó bóyá fíúsì wà nínú ihò náà ní tòótọ́. Nínú àwọn ọkọ̀ mìíràn, bọ́tìnnì Tow/Haul máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíà.

Kí ìṣirò náà lè yé àwọn àgbẹ̀, kòkó ni kí wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Àpò kòkó gbígbẹ 16, oníkílò 62.5, ló ń jẹ́ tọ́ọ̀nù kan. Ká ní kẹ̀kẹ́ ẹrù fúnra rẹ̀ wọn kílò 500. Tacoma tí kò ní èròjà ìfàrù yóò lè fa àpò 17 sínú rẹ̀, èyí tó ní in yóò fa 39. Ìyàtọ̀ náà ju àpò 20 lọ! Ẹni tó ń fa omi náà kò gbọ́dọ̀ gbàgbé pé lítà omi kan jẹ́ kílò kan, tí táǹkì onílítà 2,000 bá sì kún, tọ́ọ̀nù méjì gbáko ni kí wọ́n tó ka irin kẹ̀kẹ́ mọ́ ọn.

Ti Hilux tún yàtọ̀. Oní-ẹ́ńjìnnì dísù lítà 2.8 tó jáde láti ọdún 2020, tó ń fi táyà mẹ́rin wọ́lẹ̀, ni wọ́n kọ fún ní Yúróòpù pé ó lè fa kílò 3,500. Àwọn tó ń polówó ọkọ̀ fẹ́ràn nọ́ńbà yẹn púpọ̀. Wọn kì í sọ èyí tó tẹ̀ lé e: kẹ̀kẹ́ ẹrù tó ní bíréèkì tirẹ̀ ni wọ́n ń wí. Bí kẹ̀kẹ́ náà kò bá ní bíréèkì, kílò 750 péré ni, àpapọ̀ kẹ̀kẹ́ àti ẹrù inú rẹ̀. Mélòó nínú kẹ̀kẹ́ ẹrù tí wọ́n ń jó nírin ládùúgbò ló sì ní bíréèkì?

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe to ẹrù. Apá kan ìwọ̀n kẹ̀kẹ́ gbọ́dọ̀ tẹ bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀. Ìlànà Amẹ́ríkà ni ìdá mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún. Bí gbogbo ẹrù bá wà lẹ́yìn, kẹ̀kẹ́ yóò máa gbé ìdí ọkọ̀ sókè, bí eré bá sì ti pọ̀ díẹ̀, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jù sọ́tùn-ún jù sósì títí tí yóò fi wọ́ ọkọ̀ lọ sínú igbó. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìwọ̀n tó tẹ bọ́ọ̀lù yìí, ara ẹrù tí píkọ́ọ̀pù ń gbé ni wọ́n ń kà á sí. Kẹ̀kẹ́ oníkílò 1,500 á fi bíi kílò 150 lé ìdí ọkọ̀, ìwọ̀n àgbàlagbà méjì. Ìwé pélébé tó lẹ̀ mọ́ férémù ilẹ̀kùn dírẹ́bà ló máa ń sọ gbogbo ohun tí ọkọ̀ náà lè rù.

Ní ti iná, rewáyà tó mọṣẹ́ ni kí wọ́n wá. Sọ́kẹ́ẹ̀tì pẹlẹbẹ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin wà fún iná ẹ̀yìn, tíráfíkétà àti iná bíréèkì nìkan. Ẹlẹ́sẹ̀ méje fi iná bíréèkì kẹ̀kẹ́, iná rìfáásì àti bátìrì kún un. Ohun tó máa ń kó rewáyà sí wàhálà ni pé nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Amẹ́ríkà, wáyà kan náà ló ń gbé iná bíréèkì àti tíráfíkétà lọ sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, nígbà tí ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ṣe ní ìlànà Yúróòpù ya méjèèjì sọ́tọ̀. Bí wọ́n bá kàn so wáyà pọ̀ bó ṣe rí, iná tó yẹ kó sọ fún ẹni ẹ̀yìn pé ọkọ̀ fẹ́ yà lè má tàn rárá. Ẹ̀rọ kékeré tó ń pín in wà lọ́jà. Kò wọ́n tó iye ọkọ̀ tó máa fi orí gbá kẹ̀kẹ́ náà lóru.

Ìkọ́ tí kì í ṣe ti ìfàrù náà pọ̀ lábẹ́ ọkọ̀. Àwọn kan wà tí wọ́n fi ń de ọkọ̀ mọ́lẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi kó má baà yí, wọn kò lágbára láti fa ọkọ̀ tó rì sínú ẹrẹ̀. Bọ́ọ̀lù náà kò ṣeé fi fa ọkọ̀ tó rì. Bí okùn bá le koránkorán tí bọ́ọ̀lù sì kán, yóò fò bí ọta ìbọn; ó ti pa èèyàn rí ní Ọsirélíà. Báńpà tí wọ́n jó bọ́ọ̀lù mọ́ lásán, ohun tó yẹ kí wọ́n sá fún ni. Ṣaṣí ló ń fa ẹrù, báńpà kọ́.

Nọ́ńbà ṣaṣí máa ń ran ẹni tó fẹ́ mọ orírun ọkọ̀ lọ́wọ́. Lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 ni. Èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1, 4 tàbí 5, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe é. 3 jẹ́ ti Mẹ́síkò, J jẹ́ ti Japan. Hilux tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú AHT, Gúúsù Áfíríkà ló ti wá. Lára ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà, ìkẹwàá nínú wọn ló ń sọ ọdún: A jẹ́ 2010, F jẹ́ 2015, L jẹ́ 2020. Kí nọ́ńbà abẹ́ gíláàsì iwájú, ti férémù ilẹ̀kùn àti ti ara ṣaṣí bára mu. Bí wọn kò bá bára mu, kí olùrà dá owó rẹ̀ dúró ná. Pẹ̀lú ọdún àti irú ọkọ̀, èèyàn lè rí ìwé ìlànà rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ojú ewé tó sọ̀rọ̀ nípa fífa ẹrù sì wà nínú rẹ̀.

Nínú ohun tó sábà máa ń sọnù, èyí tó kéré jù ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Sípíà táyà Hilux àti Tacoma máa ń so rọ̀ lábẹ́ ẹ̀yìn ọkọ̀. Ọ̀pá irin gígùn kan ni wọ́n ń tì bọ ihò òkè báńpà láti fi yí i sọ̀ kalẹ̀. Táyà lè wà ńbẹ̀ tó tutù minimini, bí ọ̀pá náà bá ti sọnù, igi lásán ló so rọ̀. Ìdí àga ẹ̀yìn ni kí wọ́n ti wá ọ̀pá, jáàkì àti sípánà. Bí ọ̀kan nínú nọ́ọ̀tì táyà bá ní orí tó yàtọ̀ sí ti ìyókù, ó ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, kí wọ́n béèrè rẹ̀ kí owó tó pé. Jáàkì ọkọ̀ kékeré kò tó fún píkọ́ọ̀pù tó gbẹ́rù, kò ga tó, kò sì lágbára tó. Ohun tí kò bá sí, wọ́n lè rí i ní ọjà Aráròmí ní Agodi Gate n'Ìbàdàn tàbí Ládípọ̀ l'Ékòó, ṣùgbọ́n kí wọ́n mú nọ́ńbà ṣaṣí dání. Sí-kọ́ṣọ̀n àti ohun èlò ìpaná náà kì í sábà bá tòkunbọ̀ wá, àwọn FRSC sì máa ń béèrè wọn.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ fẹ́ fa ẹrù, kí ẹnì kan dúró sẹ́yìn wo iná gbogbo. Kí wọ́n fi ẹ̀wọ̀n irin méjì ṣe àgbélébùú lábẹ́ ẹnu kẹ̀kẹ́, kó lè gbà á dúró bó bá yọ. Ẹni tó bá gba ọ̀nà Ìbàdàn, kó dúró ní Ìpetumodù, kó fọwọ́ kan àárín táyà kẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá gbóná ju ìyókù lọ, bíárìn rẹ̀ ń bàjẹ́ lọ, Ifẹ̀ ṣì sún mọ́ ibẹ̀ láti padà.